Gold Valve Emulator: ohun tó ń ṣe fún fọ́ọ̀kì motocross àtijọ́, àti ohun tí kò lè ṣe

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè rà kí iwájú alùpùpù motocross (eré alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun) àwọn ọdún 1970 lè gbọ́ràn sí hándù lẹ́nu, Gold Valve Emulator ti ilé iṣẹ́ Race Tech ní California ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Fáàfù ni, inú fọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú, ló sì ń gbé. Ó kéré débi pé èèyàn lè pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ ọn, méjì ni wọ́n sì ń tà pọ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló rà á, tó kó o sínú fọ́ọ̀kì, tó wá ń ráhùn pé òun ò rí ìyàtọ̀. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Bóyá wọn ò lu ihò ọ̀pá tó wà nínú fọ́ọ̀kì bó ṣe yẹ, bóyá wọ́n fi sípíríǹgì tó ti rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀, tàbí kẹ̀, wàhálà tí wọ́n ń wá oògùn sí kò sí nínú fọ́ọ̀kì rárá. Béárìn ọrùn hándù tàbí búṣì (òrùka tí irin ń yí lé) apá ẹ̀yìn, irin tó di wíìlì ẹ̀yìn mú, ló ń dà wọ́n láàmú.

Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀kì ìgbà yẹn kò pọ̀: páìpù, sípíríǹgì, epo, àti ọ̀pá oníhò kan tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Ọ̀pá yìí la ń pè ní ọ̀pá dámpà. Nígbà tí táyà bá gun gegele, epo gbọ́dọ̀ gba àwọn ihò ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà kọjá, ihò ọ̀hún kì í sì í fẹ̀ sí i, kì í dín kù. Ẹ fi ike abẹ́rẹ́ fa omi, kí ẹ rọra tì í: omi á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí i pé yóò kọ̀ fún yín. Bí ìyára epo nínú ihò bá di ìlọ́po méjì, ìdènà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀kì kan náà fi máa ń rì lulẹ̀ nígbà tí ẹ bá kàn tẹ bíréèkì, tó sì máa ń gan pa, tó ń gbá ọwọ́, nígbà tí táyà bá kọlu gbòǹgbò igi. Ẹni tó bá da epo tó ki sínú ẹ̀ kó má baà rì mọ́, ńṣe ló ń fi kún gígan rẹ̀ lórí gbòǹgbò. Ẹni tó bá da epo tó ṣàn sí i kó má baà gan, á máa forí sọlẹ̀ ní gbogbo kọ́nà.

Emulator jókòó sórí ọ̀pá dámpà yìí. Kò sí bóòtì tó dè é mọ́bẹ̀, sípíríǹgì fọ́ọ̀kì gan-an ló ń tẹ̀ ẹ́. Fáàfù kan wà lára rẹ̀ tí sípíríǹgì kékeré tẹ̀ dé. Bí fọ́ọ̀kì bá rọra ń wọlé, ihò wẹ́wẹ́ ara fáàfù náà nìkan ni epo ń rí gbà, nítorí náà imú máṣíìnì ò ní í tètè rì. Bí ìkọlù bá le, epo á ti fáàfù sókè, ọ̀nà á là. Nígbà tí fọ́ọ̀kì bá ń padà jáde, àwo pẹlẹbẹ kan á ṣí kí epo lè padà sísàlẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Àwọn ihò kékeré òkè ọ̀pá dámpà àti bí epo ṣe ki tó ló ń ṣàkóso ìpadàjáde. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyẹn: ó ya iṣẹ́ méjì tí epo kan ṣoṣo ń ṣe tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀. Ìwọlé di ti fáàfù, ìpadàjáde di ti epo.

Kí owó tó jáde lápò

Ẹ gbé iwájú alùpùpù sókè kí táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú, kí ẹ fà á síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ “kò”, béárìn ọrùn ti tú. Ẹ wá rọra yí hándù láti ọ̀tún sósì. Bó bá há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, níbi tí hándù ti máa ń wà nígbà tí ẹ bá ń lọ tààrà, àwọn bọ́ọ̀lù inú ọrùn ti ki ihò sára àwo wọn. Kò sí bí ẹ ṣe lè fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ tí yóò sàn. Pípààrọ̀ ló kù. Béárìn oníróólà tó rí ṣóńṣó ni kí ẹ fi rọ́pò bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́, nítorí pé ó ń pín ẹrù sórí ìlà gígùn dípò ojú kan. Ẹ ṣọ́ ohun kan: gíga rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, nítorí náà ẹ wò ó bóyá okùn nọ́ọ̀tì òkè ṣì mú dáadáa kí ẹ tó pa gbogbo rẹ̀ dé. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó fún tó ni pé, láìsí wáyà kankan lára hándù, bí ẹ bá fọwọ́ kan án díẹ̀ láti àárín, á fúnra rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ kò ní í dún bí ẹ bá fa fọ́ọ̀kì. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn ún, torí àwọn àwo tuntun máa ń jókòó sí i.

Ẹ̀yìn wá kàn. Ẹ yọ wíìlì àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ẹ di orí apá ẹ̀yìn mú ní ibi tí ááṣù ń gbà kọjá, kí ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má fojú kékeré wo ìmì díẹ̀ níbẹ̀. Bí búṣì méjèèjì bá jìnnà síra ní 200 mm, tí apá sì gùn ní 450 mm, àyè 0.3 mm péré lára búṣì á di ohun tó ju 1 mm lọ lẹ́nu ááṣù, ìyẹn ni pé wíìlì ẹ̀yìn ń wa alùpùpù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé iwájú òun ń gbọ̀n nígbà tí òun bá sáré, ẹ̀yìn ló ń bá a jà. Búṣì ike ìgbà náà kì í pẹ́ wọ́. Búṣì idẹ tó ní ẹnu gíríìsì ló dáa jù, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé páìpù kékeré inú rẹ̀ fi nǹkan bí 0.1 sí 0.2 mm gùn ju búṣì lọ. Bó bá kúrú, bí ẹ ṣe ń fún bóòtì ni apá á máa há, ṣọ́ọ̀kì ò sì ní í lè ṣiṣẹ́.

Fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ yí páìpù rẹ̀ lórí dígí tó nípọn; bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ti wọ́. Ẹ wo inú ẹsẹ̀ alumíníọ̀mù náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì tó ṣáájú 1980 kò ní búṣì tó ṣeé pààrọ̀. Ara alumíníọ̀mù ni páìpù ń rìn lé tààrà. Bí ibẹ̀ bá ti jẹ, ẹ gbé e lọ fún onílééṣì kó fẹ ihò náà, kó sì fi búṣì sí i. Emulator kò ní agbára lórí fọ́ọ̀kì tó ń há.

Lílu ihò: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ẹ kọ́kọ́ tú bóòtì ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì nígbà tí sípíríǹgì ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ ọ̀pá dámpà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá yọ sípíríǹgì kó tó dé ibi bóòtì, ọ̀pá á máa bá bóòtì yí, á sì di pé kó wá irin gígùn tí yóò fi di orí ọ̀pá mú nínú páìpù. Wáṣà bàbà tó wà lábẹ́ bóòtì náà, ẹ má tún un lò. Tuntun ni kí ẹ fi sí i, pẹ̀lú Loctite (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtì tú) díẹ̀ lára okùn bóòtì.

Bí ọ̀pá bá ti jáde, ihò méjì ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni tiyín. Ẹ fẹ̀ wọ́n dé 8 mm, kí ẹ sì lu mẹ́rin mìíràn, méjì-méjì tó kọjú síra, kó jẹ́ mẹ́fà lápapọ̀. Ẹ yí ọ̀pá ní ìdámẹ́rin kí ẹ tó lu méjì tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi nǹkan bí 10 mm sí àárín ìlà kan àti èkejì. Ìdí tí a fi ń lu tó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí: ihò méjì oní 6 mm fún epo ní àyè bí 57 mm² péré, ṣùgbọ́n mẹ́fà oní 8 mm fún un ní bí 302 mm². Bí ẹ bá fi ihò ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, òun ni yóò ṣì máa dí epo lọ́nà, fáàfù tí ẹ fowó rà ò sì ní í ríṣẹ́ ṣe. Lórí ọ̀pá tín-ín-rín, ẹ lo ihò tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó pọ̀ sí i, kí ọ̀pá má baà ṣẹ́.

Ẹ má fọwọ́ kan ihò kékeré tó wà lókè nítòsí orí ọ̀pá. Ti ìpadàjáde nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ á ní fọ́ọ̀kì tó ń ta padà gbùú, kò sì sí epo tó máa wò ó sàn. Ọ̀pá tuntun ló máa wá. Ẹ má sì lu ihò sísàlẹ̀ jù: ife tó rí ṣóńṣó ní ìdí ọ̀pá, èyí tó ń dá fọ́ọ̀kì dúró nígbà tó bá fẹ́ kan ìsàlẹ̀, máa ń bo ibẹ̀.

Ẹ fi fáìlì roboto nu etí ihò kọ̀ọ̀kan nínú àti lóde. Kí ẹ fi ìka yín yí i ká; bí ohunkóhun bá gún yín, iṣẹ́ ò tíì tán. Ẹ̀rún irin kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ fáàfù kò ní í jẹ́ kó pa dé mọ́, ẹsẹ̀ kan á máa rọ̀ ju èkejì lọ, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ to gbogbo rẹ̀ padà, kí emulator wà lórí ọ̀pá pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀ kékeré lókè. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ. Orí ọ̀pá ìgbà àtijọ́ mìíràn rí kòtòkòtò, ìyẹn sì nílò òrùka tó bá a mu lábẹ́ emulator. Nítorí náà kí ẹ tó ra á, ẹ wọn ìbú inú páìpù àti orí ọ̀pá. Orúkọ alùpùpù nìkan ò tó, torí pé àwọn tó ti lò ó ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ fọ́ọ̀kì rẹ̀. Páìpù ìkúnlé tó wà lórí sípíríǹgì, ẹ gé iye tí emulator fi gbé sípíríǹgì sókè kúrò lára rẹ̀. Bó bá gbé e sókè ní 15 mm, ẹ gé 15 mm. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, wọ́n á wá máa sọ pé emulator mú fọ́ọ̀kì wọn le, bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì tí wọ́n fún jù ni.

Epo 15W ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iye lítà tí ìwé alùpùpù kọ mọ́, nítorí emulator ti gba àyè nínú páìpù. Gíga epo ni kí ẹ wọ̀n: sípíríǹgì níta, emulator nínú, fọ́ọ̀kì wọlé pátápátá, kí epo wà ní nǹkan bí 140 mm sí ẹnu páìpù. Ẹ ti fọ́ọ̀kì lọ sókè sódò jẹ́jẹ́ títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Nípa 15W yìí, nọ́ńbà náà kì í dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Iye cSt (òdiwọ̀n bí epo ṣe ki tó) ní 40°C tó wà lára ìwé epo ni kí ẹ fi wé ara wọn.

Sípíríǹgì

Emulator láìsí sípíríǹgì tó bá ìwọ̀n ara ẹni tó ń gùn ún mu, ìdajì iṣẹ́ ni. Sípíríǹgì àtijọ́ rọ̀ láti ilé iṣẹ́ pàápàá, ọjọ́ orí sì ti fi kún un. Fífún un mọ́lẹ̀ sí i pẹ̀lú páìpù ìkúnlé kò sọ ọ́ di líle. Ó kàn ń gbé imú máṣíìnì sókè ni, fọ́ọ̀kì náà á ṣì kan ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fò.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gùn ún wọ gbogbo aṣọ rẹ̀, kó jókòó sórí alùpùpù, kí ẹ wo iye tí fọ́ọ̀kì wọlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn rẹ̀, ìyẹn gbogbo ibi tó lè wọlé dé, la ń wá. Lórí fọ́ọ̀kì tó ń rìn 180 mm, ìyẹn jẹ́ 45 sí 60 mm. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ rọra fi í sílẹ̀ kó gòkè, ẹ wọ̀n; ẹ fà á sókè kí ẹ rọra fi í sílẹ̀ kó sọ̀, ẹ wọ̀n. Àárín méjèèjì ni òdiwọ̀n yín. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 25 mm lọ, nǹkan kan ń há. Síìlì lè gan jù, páìpù lè wọ́, tàbí kí ááṣù ti fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Fún ti ááṣù, ẹ tú bóòtì tó di ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì mọ́ ááṣù, ẹ tẹ fọ́ọ̀kì ní ìgbà mélòó kan kí ó wá àyè rẹ̀, kí ẹ tó fún un. Kí ẹ sì gbé dígí pẹlẹbẹ lé iwájú páìpù méjèèjì: bí kò bá fara kan ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwo tó di páìpù mú ti lọ́.

Fọ́ọ̀kì tó ní ẹnu afẹ́fẹ́ lókè, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù. Nítorí pé sípíríǹgì rọ̀ ni wọ́n ṣe fi afẹ́fẹ́ sí i, titẹ̀ rẹ̀ sì ń fún síìlì mọ́ páìpù.

Títún un ṣe lórí pápá

Láti ibi tí sípíríǹgì kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ kan fáàfù, ẹ yí bóòtì tó ń fún sípíríǹgì kékeré náà wọlé ní ìyípo méjì. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ọ̀kì bá ṣì ń rì nígbà bíréèkì, ẹ fi ìdajì ìyípo kún un. Bó bá ń gbá ọwọ́ lórí gegele wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹ dín in kù bẹ́ẹ̀. Bó bá dára níbi gbogbo àmọ́ tó ń kan ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá balẹ̀ láti òkè, ẹ má ṣe fọwọ́ kan fáàfù. Epo ni kí ẹ fi kún un títí gíga rẹ̀ á fi lọ sókè ní 10 mm. Bí imú bá ń ta sókè lẹ́yìn gegele, epo tó ki díẹ̀ ló ń fẹ́. Bó bá ń wọlé sí i, tí kì í rí àyè padà jáde láàárín gegele kan àti èkejì, epo tó ṣàn ni.

Ohun kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan. Ibí gan-an sì ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù wà: kò sí ohun tí ẹ lè fi sukurudíráfà yí láti ìta. Gbogbo àtúnṣe fáàfù ń béèrè pé kí ẹ ṣí orí fọ́ọ̀kì, kí ẹ fa sípíríǹgì jáde, kí ẹ sì fi irin oníka gígùn gbé emulator wá sókè nínú epo. Ẹni tó ti gun alùpùpù ìgbà yìí tó ní bọ́tìnnì lókè àti nísàlẹ̀ á bínú sí i. Ẹ ra irin oníka náà pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.

Lẹ́yìn tí sípíríǹgì tuntun bá wọlé, iwájú máṣíìnì á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ á sì dà sẹ́yìn díẹ̀. Á wá máa lọ́ra láti wọ kọ́nà, àwọn kan á sì di ẹ̀bi náà ru emulator. Ẹ fa páìpù fọ́ọ̀kì sókè nínú àwo rẹ̀ ní 5 mm, ẹ gùn ún, kí ẹ fa 5 mm mìíràn bó bá pọn dandan. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti fọ́ọ̀kì wọlé pátápátá, kí ẹ rí i pé táyà kò kan ìbòrí ẹrẹ̀ tàbí páìpù èéfín. Bó bá wá ń gbọ̀n lórí ọ̀nà tààrà, ẹ ti fà á jù. Afẹ́fẹ́ táyà náà, 12 sí 14 psi, ẹ rí i pé kò yí láàárín ìdánwò.

Ta ló yẹ kó ra á?

Alùpùpù tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń rìn 150 sí 250 mm, tí wọ́n ń lò fún eré, ló ń jèrè rẹ̀ jù. Nínú ìdíje AHRMA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré alùpùpù àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, kíláàsì vintage (ti àtijọ́) fi ìrìn iwájú sí ínǹṣì 7, ẹ̀yìn sí ínǹṣì 4; emulator kò fi kún ìrìn, ó kàn ń jẹ́ kí ẹ lo gbogbo èyí tí ẹ ní. Lórí alùpùpù onínṣì 4 lẹ́yìn yìí, ẹ má retí ìyanu bí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bá ti kú: iwájú á dára débi pé ẹ ó túbọ̀ sáré wọ gegele, ẹ̀yìn á sì gbá yín sókè. Owó ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní alùpùpù tó fẹ́ tọ́jú fún àfihàn, tí gbogbo irin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kó wá ọ̀pá dámpà àlòkù mìíràn lu, kó tọ́jú ti àkọ́kọ́ sínú àpótí. Emulator ṣeé yọ. Ihò tí a lu kò ṣeé dí. Fọ́ọ̀kì oní-cartridge (èyí tí àpò dámpà tó ní fáàfù tirẹ̀ wà nínú rẹ̀) tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú motocross láàárín àwọn ọdún 1980 kò nílò rẹ̀ rárá.